Ọkùnrin Tó Bá Yín Lọ Kọ́ńgò

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé,

Mi ò mọ ojú ibi tí wọ́n sin yín sí. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ẹ̀bá odò kan ní Kọ́ńgò ni, pé àwọn ọmọ ogun Íńdíà àti ti Ayáláńdì tí ẹ jọ lọ ṣọ́ àlàáfíà níbẹ̀ dúró tì yín, wọ́n sì yìnbọn sókè láti fi dágbére fún yín. Kò sí ẹni tó lè bá mi mú lẹ́tà dé irú ibẹ̀. Mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú láti ọdún tó kọjá, mi ò sì rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin ti kú. Ẹ ò lè lù mí, ẹ ò sì lè lé mi jáde.

Yàrá méjì tó kọjú sí rélùwéè ní Òṣòdì, níbi tí ẹ fi wá sí, ibẹ̀ náà la ṣì wà. Àwọn àbúrò yín wá bẹ ìyá mi títí pé kó kó wa padà sí agbo ilé yín ní Ìsọlọ̀. Ó kọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, bó bá jẹ́ pé òkú ẹlòmíràn ni wọ́n pè ní tiyín, Òṣòdì lẹ máa wá wa wá. Ọdún méjì gbáko ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń na aṣọ ibùsùn títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ọ̀gá yín ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ìdúró lẹ ti máa ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ ó máa fẹ́ ẹ, ẹ ó máa wo aago. Ẹ kì í pe orúkọ mi láìkọ́kọ́ pe oríkì mi. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ ń fẹsẹ̀ bọ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi bi yín pé kí ló kàn yín nínú ìjà àwọn ará Kọ́ńgò.

“Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un,” lẹ wí, “hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.”

“Ará ilé tèmi ni ẹ̀yin,” ni ìyá mi fèsì. “Èmi ò mọ ẹnì kankan ní Kọ́ńgò.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ so okùn bàtà, ẹ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí.

Lẹ́tà mẹ́rin lẹ kọ sí wa, lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èmi ni mò ń kà wọ́n fún ìyá mi. Ẹ ní ará Íńdíà kan kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ lórí irin gbígbóná, àti pé ata tó ń jẹ ju ti ìyá mi lọ. Ẹ ní oòrùn bó imú ará Ayáláńdì kan bí ẹni bó ọsàn. Ẹ ò gbọ́ èdè ara yín, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó jọ to oúnjẹ àti oògùn sínú ọkọ̀, ẹ ó sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjà lé kúrò nílé. Mo mú lẹ́tà kẹta lọ sí ilé ìwé. Tíṣà kà á sétí gbogbo kíláàsì, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, èmi ni ọmọ ẹni tó ń tún ayé ṣe.

Lẹ́tà karùn-ún ò dé. Áńtónì ló dé. Ẹ ti dárúkọ rẹ̀ fún wa rí, ọmọ Ìbò tí ẹ jọ ń sùn nínú àgọ́ kan, tó ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbé àpótí yín kalẹ̀ láàárín ilé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi. Ó ní orí afárá kan ló ti ṣẹlẹ̀. Abúlé méjì ń bá ara wọn jà, ẹ bọ́ sí àárín wọn, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹ wá là níjà ló yìnbọn fún yín. Ó gbé yín pọ̀n. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sáré, síbẹ̀ kò sọ yín kalẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn òun lẹ kú sí.

Wọ́n dá a sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun nítorí ẹsẹ̀ náà. Ó wá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bọ́ládé, nítòsí wa. Bí wọ́n bá ti ṣe ìsìn tán ní ọjọ́ Ìsinmi, ilé wa ló ń bọ̀, pánlá á wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú bébà. Òun ló kan òrùlé wa nígbà tí ìjì ṣí i. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò títí mo fi yege. Àwọn àbúrò yín tó búra pé ìyà ò ní jẹ wá, ọjọ́ Iléyá nìkan ni mò ń rí wọn, àti ọjọ́ kan tí wọ́n wá wo èyí tó bá wọn mu nínú aṣọ yín.

Áńtónì gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ahọ́n rẹ̀ ṣì ń wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣi “ẹ” lò. Àǹtí ló ń pe ìyá mi. Ẹ ti jẹun, Àǹtí? Ẹ jókòó, Àǹtí. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó wí nínú yàrá pé, “Ṣé o ti jẹun?” Mo rò pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi.

“Rárá. Ìwọ ni mò ń dúró dè.”

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kín-ń-kín ni “o” yẹn. Ó gún mi bí abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìṣísẹ̀ wọn. Mo rí i pé ó ti ń jókòó sórí àga yín. Mo rí i pé ìyá mi ti ń kun tìróò.

Àkókò yẹn gan-an ni ilẹ̀ yìí dàrú. Wọ́n ti pa àwọn Ìbò nípakúpa ní òkè Ọya, àwọn tó wà ní àdúgbò wa sì ń di ẹrù sínú lọ́rì, wọ́n ń lọ sílé wọn. Áńtónì ò lọ. Ó ní, “Fìlà àjọ gbogbo ayé ni mo dé ní Kọ́ńgò. Ta ló máa fọwọ́ kàn mí ní Èkó?” Nígbà tí ogun wá bẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn Ìbò kiri láti ilé dé ilé, ìyá mi lọ mú un kúrò ní Bọ́ládé fúnra rẹ̀, ó tì í mọ́ yàrá inú. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ló ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti wà níbẹ̀, ìyá mi pè mí sí ibi ìdáná. Ó ń gé ewébẹ̀, kò gbójú sókè.

“Mo ti lóyún o. Ti Áńtónì ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ.”

Mo ní, “Bàbá mi ńkọ́?”

“Bàbá rẹ ti kú.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni sọ pé iyọ̀ ti tán. Ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fẹ́ fà mí mọ́ra. Mo bì í sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀yìn gbá ògiri, aboyún.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, mo ń ti ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ bọ̀. Jíìpù kan dúró ní Bọ́ládé. Ọkùnrin mẹ́ta wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ kákí. Títí di òní mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú wọn ń bi àwọn tó ń ta búrẹ́dì léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí. Ojú rẹ̀ bà lé mi.

“Ọmọge, ṣé kò sí ọmọ Ìbò ládùúgbò yín?”

Mo lè kọjá lọ. Kò dì mí mú. Kò na ìbọn sí mi, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni.

“Ó wà,” ni mo wí.

“Níbo?”

Mo júwe ilé wa. Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, pé yàrá inú ni, pé ọ̀pá ló fi ń rìn, kò lè sáré.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, Bàbá mi, kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo dúró ra búrẹ́dì. Mo ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀ nígbà tí jíìpù náà padà wá. Wọ́n ti dè é lọ́wọ́ síwájú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí rẹ̀. Ó rí mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè yẹn, ó fi júwe ọ̀nà ilé fún mi pé kí n tètè máa lọ bá ìyá mi. Ó rò pé mi ò tíì gbọ́.

Mo ti sọ fún ara mi pé nítorí yín ni mo ṣe é. Irọ́ ni. Nítorí ara mi ni. Mo fẹ́ kí ìyá mi padà jẹ́ opó.

Ìyá mi wà lórí ilẹ̀ nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti gbá a létí. Àwọn ayálégbé tó kù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀kan ní, “Ẹni tó tú àṣírí yẹn ṣe wá lóore. Wọn ì bá sun ilé yìí mọ́ wa lórí.” Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń wá a. Èmi ni mò ń sìn ín lọ. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ibi tí wọ́n bá ní wọ́n ń ti èèyàn mọ́ la ti dé, oyún níwájú rẹ̀, fọ́tò yín àti ti Áńtónì lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ẹ yà pọ̀ ní Kọ́ńgò pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run lórí ẹ̀yin méjèèjì. Ó ń fi han àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lè bá a dáhùn?

Ó bí ọmọkùnrin. Etí Áńtónì ló gbé wáyé. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n nítorí pé ẹ̀yìn ṣì ń dun ìyá mi níbi tó ti gbá ògiri. Ó ní àwọn tó wá mú Áńtónì ló ṣe é. Mi ò ta kò ó.

Lẹ́yìn tí a ti dé ibi gbogbo tí a lè dé, ó ní kí n kọ̀wé sí àjọ àgbáyé tó rán yín lọ. “Sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ló gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Sọ fún wọn pé bí ó bá lè fi ilé sílẹ̀ lọ wá àlàáfíà fún àwọn tí kò mọ̀, kí àwọn náà bá wa wá a.” Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù tí mo mọ̀. Níbi tó ti yẹ kí n kọ bí wọ́n ṣe mú un, mo kọ pé a kò mọ ẹni tó fi í hàn.

Èsì dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bébà rẹ̀ nípọn, ó funfun. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi fún iṣẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni náà ṣe nítorí àlàáfíà. Wọ́n ní ó dùn àwọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, ìjọba orílẹ̀-èdè wa nìkan ló lè dá sí i. Ìyá mi jókòó síwájú mi, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kí ni wọ́n wí?”

Mo wo Gẹ̀ẹ́sì yẹn, mo wo ojú rẹ̀.

“Wọ́n ní àwọn ti ń wá a.”

Ó ní kí n tún un kà. Nígbà kejì, mo fi kún un pé wọ́n ti kọ̀wé sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìyá mi fi ojú bo orí ọmọ náà, ó sunkún títí aṣọ ọmọ fi tutù. Nígbà tó gbójú sókè, ó mú ọwọ́ mi, ó fẹnu kò ó. Ọwọ́ yìí, Bàbá mi. Ó ní bí kì í bá ṣe tèmi, ta ni ì bá bá òun kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, ṣé á kú? Bí mi ò bá sọ ọ́, títí di ìgbà wo ni yóò máa dúró dè é? Láràárọ̀ báyìí, bó bá ti wẹ ọmọ náà tán, ó ń sọ fún un pé gbogbo ayé ló ń wá bàbá rẹ̀. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. Á wá na ọwọ́ sí mi pé kí n pọ̀n òun.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín kọjá bó ṣe yẹ.