Ojú Kan Ṣoṣo tí Bàbá Afọfọ́tò Yà

Ọdún 1950 ni a bí olóògbé, bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Afọfọ́tò, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Télọ̀ ọ̀hún ni bàbá wọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Ìyá yìí ló kọ́ wọn pé ohun tó bá rin gbingbin, a kì í fún un, ńṣe là á tẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún wọn ju ti ilé ìwé lọ.

Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1963. Ní 1965 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń fi férémù gbá wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá fìka kan ojú fọ́tò. Ní 1974 wọ́n gbé ìyá wa, nọ́ọ̀sì, níyàwó.

Ìyá wa kò mọ ìyá tó bí wọn lójú. Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n nígbà tó kú. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú àpótí bàbá wọn, bàbá náà kò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Ní 1988 odò ya wọ àdúgbò. Ìgbà tí a máa fi já àpótí náà, omi ti wọ inú rẹ̀. Bàbá gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú hàn kedere. Ìyá wa sunkún títí, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Àwọn aládùúgbò ní, "Háà, nọ́ọ̀sì! Àfi bí ẹni pé ẹ bí ara yín!"

Iṣẹ́ yẹn làwọn èèyàn rí tí wọ́n fi ń kó fọ́tò tiwọn tí omi bà jẹ́ wá. Bí ẹgbẹ́ afọfọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: Bàbá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, àti oníbúrẹ́dì tó yọ̀ǹda pẹpẹ rẹ̀ kí fọ́tò lè máa gbẹ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá fi lélẹ̀: ojú tí a kò rí, a kì í yà á. Bí omi bá ti jẹ ojú, kó wà ní funfun. Obìnrin kan kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nítorí ojú ọmọ rẹ̀ tó kú. Wọn kò gbà. Ó ní ọkàn wọn le. Àwa ọmọ náà rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá ń gbàdúrà láràárọ̀, wọn kò sì fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Lọ́dún yìí ẹgbẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, torí olùkọ́ àti oníbúrẹ́dì ti kú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jẹun tán, wọ́n fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣúgà ti sá nínú tíì, wọ́n sì jókòó ti ìwé wọn. Ìyá jáde lọ ká aṣọ. Kí Ìyá tó wọlé, Bàbá ti dákẹ́. Bàbá kò ṣàìsàn. Orí lásán kò fọ́ wọn. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ẹnu wa kò tíì padé.

A wá ṣí ìwé náà. Ewé àkọ́kọ́ rèé: "Fọ́tò ìyá ìyàwó mi, 1988. Ojú ti lọ pátápátá. Mo gé ojú ìyàwó mi nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, mo fi búrọ́ọ̀ṣì yí irun rẹ̀ padà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dà fọ́tò náà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń kí i ní 'Ìyá mi'. N kò tún ya ojú mọ́."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká fa ewé yìí ya. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá wo fọ́tò ara ògiri. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Àṣé ara mi ni mò ń kí." Wọ́n wá kọjú sí akọ̀wé. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa kùn ún ni?"

Ojúlówó fọ́tò wà nínú àpòòwé lẹ́yìn ìwé náà. Ojú funfun bí àwo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà léjìká ọmọ ọdún méjì tó dúró tì í, ìyẹn Ìyá wa. Ó wà nínú ti ara ògiri náà; ojú ni gbogbo wa ń wò. Ìyá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ọwọ́ ìyá mi nìyí," ni wọ́n wí.

Bàbá fi Ìyá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ẹgbẹ́ wọn. Fọ́tò olójú funfun náà ló wà lẹ́yìn ìwé ìsìnkú yìí.

Sùn re o, Bàbá Afọfọ́tò. A kò kun nǹkan kan.