Ike Tí Ọ̀gá Mi Fún Mi

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ̀gá mi obìnrin tí mo ń bá tọ́jú ilé gbọ́ pé ike ń ba kọfí gbígbóná jẹ́, ó ń ba ara jẹ́, ló bá kó gbogbo ike, asẹ́ àti ife, kúrò ní ilé ìdáná. Aṣọ funfun ni mo fi ń sẹ́ kọfí rẹ̀ báyìí, sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ló bá kó àwọn ike náà wá sí yàrá mi: "Gbà, máa fi sẹ́ kọfí tìẹ."

Ìwọ̀sí gbáà! Ṣé irin ni wọ́n fi rọ ìfun tèmi ni? Ó ṣe mí bíi kí n fọ́ wọn mọ́ ọn lórí. "Ẹ ṣé, mà" ni mo sọ.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ mi. Ẹ ní ọ̀gá mi fún mi lẹ́bùn.