Káàdì Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Ló Ń Ṣàìsàn, Kì Í Ṣe Èmi

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Orúnkún méjèèjì ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ náà. Ṣé ara yín yá? Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Bàbá Kúnlé, àbúrò yín, mo kí ìyàwó wọn, mo sì kí Kúnlé fúnra rẹ̀ tó ṣe wàhálà lórí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tó ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹun.

Mo mọ̀ pé inú yín lè má dùn pé mo jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde fún gbogbo ayé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tàwa méjì. Nígbà tí ẹ ti sọ kiri Ìkẹ́rẹ́ pé ọmọ yín ń kú lọ lókè òkun, tó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn, tó pè mí tó sì ti ń sunkún kó tó gbọ́ ohùn mi, gbangba náà ló yẹ kí n ti dáhùn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni yín, bí ẹ tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má wá fi báírò pupa fa lẹ́tà mi ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè bá wa lọ. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní pálọ̀. Ẹ kò fẹ́ràn fóònù. Ẹ ní ojú mi kéré jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kúnlé á tan kọ̀ǹpútà Bàbá, ẹ ó fa àga sún mọ́ ọn, ẹ ó sì máa wò mí. Mi ò tíì sọ fún yín rí pé ohun kan ṣoṣo tí mo ń retí láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tẹ́lẹ̀. Mi ò tijú iṣẹ́ náà, iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ó ń wọ eegun. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, mo tún ní ibi kejì tí mo ń lọ. Nígbà òtútù, mi ò tíì jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán tí ilẹ̀ á ti máa ṣú, òjò tí kì í pariwo tí kì í sì í dá á máa rọ̀ sí mi lára lọ síbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ń kí èèyàn kú iṣẹ́. Ẹ lè máa wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹnì kan láti ọdún dé ọdún kí ẹ má mọ orúkọ ara yín. Nígbà mìíràn èmi ni mo máa ń kí ara mi, nínú balùwẹ̀. Màá ní, Bọ́sẹ̀dé, o kú iṣẹ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ́dọ̀ yín ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ kọ́kọ́ ní ìlà aláwọ̀ ewé kan gba iwájú orí mi kọjá. Nígbà tó tún di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti gé sí wẹ́wẹ́, ẹnu mi wà lọ́tọ̀, imú mi wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn lójijì, á tún padà wá pẹ̀lú àwọ̀ tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi níbí, kedere ni mò ń rí yín. Mò ń rí gèlè yín, mò ń rí bí ẹ ṣe ń fi etí ìró nu ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń nu imú ọmọ. Mo sọ fún yín pé ara mi le. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá wí, títí wọ́n fi gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí pé òótọ́ ni. Bàbá fi àìsàn pamọ́ fún gbogbo wa. Láti ìgbà náà ni ẹ kò ti gba ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹnu sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́ mọ́, àfi ohun tí ẹ bá fojú yín rí. Ohun tí ẹ sì ń rí nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ẹ ti ní kí Bàbá Kúnlé bá yín wá ẹni tó máa ra oko kòkó tó wà ní Àgbàdo, kí ẹ lè fi gbé mi wá sí ulé, bí àwa ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe ń pe ilé, kó tó pẹ́ jù. Oko yẹn, Màámi. Òun nìkan ni Bàbá fi sílẹ̀ fún yín, òun lẹ sì ń jẹ.

Mo bá pe Kúnlé. Èmi kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ka ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀, tí mò ń sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń kà á. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí yín ti sọ pé ojú kọ̀ǹpútà ló kú, kí ẹ ra òmíràn. Mo ní kí Kúnlé yá ọ̀kan wá ná láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Ó gbé e wá, ìlà yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà, kò yàtọ̀. Ẹ̀yin sì tẹnu mọ́ ọn pé nẹ́tíwọ̀kì kọ́, àìsàn ni. Mo ní kí ó gbé fọ́tò Bàbá tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà jáde, èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ojú Bàbá náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo ní kí ó bi yín léèrè bóyá Bàbá tún ń ṣàìsàn níbi tí wọ́n wà. Ó ní ẹ ní kí n má fi Bàbá ṣeré.

Kúnlé wá kíyè sí nǹkan kan. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ a máa mọ́ kedere. Ó di ìgbà tó bá ti wà ní títàn fún ìgbà díẹ̀ kí ìlà tó dé. Mo ní á jẹ́ pé nǹkan kan ló ń gbóná. Ibi tí mo ti ń kàwé ni mo ti rí i pé káàdì kan wà nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ tó ń gbé àwòrán lọ sójú rẹ̀, ó sì ní fáànù tirẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ. Mo ní kí Kúnlé fọwọ́ kan ara àpótí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí n dúró, kí òun kọ́kọ́ ká aṣọ kúrò.

Aṣọ wo? Màámi, mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí obìnrin kan fi yíjú wò mí. Mo ti gbàgbé pé kò sí ohun tí kì í wọṣọ ní pálọ̀ yín. Tẹlifíṣọ̀n ní kọróṣè tirẹ̀, fíríìjì ní tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹ fi aṣọ nínípọn kan lé ti kọ̀ǹpútà, ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ àpótí náà dáadáa kí eruku má baà wọ inú ohun tí Bàbá fi sílẹ̀. Ẹ kì í ká a bí ẹ bá tan án, torí ojú rẹ̀ nìkan lẹ nílò. Ìkẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ooru kò ríbi gbà jáde.

Kúnlé yọ wáyà iná, ó tú u. Eruku ọdún gbọọrọ ti dí fáànù káàdì náà pa, kò yí mọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó tún un tò, àmọ́ ìlà kan ṣì ń yọjú, torí ooru ti ba káàdì yẹn jẹ́. Mo wá ní kí ó yọ ọ́ sọnù pátápátá, kí ó sì ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà bọ ihò mìíràn tó wà lẹ́yìn àpótí náà, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló lè gbé àwòrán jáde láìsí káàdì. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó ṣe é, ó sì mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo fi pọ́dà pa ojú, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí mi lára. Mo rò pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ oko á sì parí síbẹ̀. Ẹ fa àga sún mọ́ ọn. Ẹ wò mí títí. Lẹ́yìn náà lẹ bi mí pé ọrùn ta ni mo gbé wá yìí, tó rí tín-ín-rín báyìí. Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni mo ti sùn gbẹ̀yìn. Ẹ wá rọra bi mí pé ṣé ó ti rẹ̀ mí.

Mi ò dá yín lóhùn. Ẹ dúró, ẹ tún pe orúkọ mi, ẹ wá ní kí Kúnlé tún lọ yẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò. Kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan, Màámi. Èmi ni mo dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ṣàìsàn. Mo lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò nítorí yín, dókítà ní kò sí ohun tó ṣe mí ju pé kí n sinmi lọ. Mi ò ní fi nǹkan pamọ́ fún yín bíi ti Bàbá. Mo ti fi ibi iṣẹ́ kejì sílẹ̀. Ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín máa dín kù, ẹ ó bá mi fara dà á, torí náà gan-an ni ẹ kò ṣe gbọdọ̀ ta oko. Ẹ ní kí Bàbá Kúnlé dá ẹni tó fẹ́ rà á padà. Bí wọ́n bá fún mi láyè níbi iṣẹ́, màá wá ulé lọ́dún yìí, kí ẹ wò mí láìsí kọ̀ǹpútà láàárín wa. Tí ẹ bá wò mí tán tí ẹ ní kí n má padà mọ́, a ó jọ jókòó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kó fún ẹsẹ̀ yín lágbára, kó má jẹ́ kí ẹ sunkún lórí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúnlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ tún bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí. Màá dá yín lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé