Bàbá Tí Ó Ń Dirun fún Ìyá Wa

                                                            Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
                                                            Ògbómọ̀ṣọ́.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi Saifudeen, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o. Ẹ kú ojú lọ́nà ilé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Àbíjàn níbẹ̀? Ìyàwó wa ńkọ́? Bushrah ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ọyẹ́ ti dé bá wa níhìn-ín, ètè gbogbo wa ti bó, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nùrẹ́nì ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa. Ìyá wà lọ́dọ̀ mi báyìí, n ó sọ bí ó ṣe jẹ́.

Ẹ ní kí n sọ bí Bàbá wa ṣe gbé ayé lẹ́yìn tí ẹ lọ, pé ikú wọn nìkan ni a ránṣẹ́ rẹ̀ sí yín. Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú àtikọ ọ́. Bí mo bá kọ díẹ̀, omijé á bà á jẹ́, n ó tún fa bébà mìíràn yọ.

Ẹ kò tíì pẹ́ lọ tí rọpárọsẹ̀ fi kọlu Ìyá. Ẹsẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. Bàbá kó awọ àti abẹ́rẹ́ wọn kúrò ní ìsọ̀ wọn lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, kí wọ́n lè máa rán tìmùtìmù wọn níbi tí ojú wọn ti tó Ìyá. Bàbá ló ń gbé omi kaná, Bàbá ló ń fọṣọ, àwọn náà ló ń dáná. Iyọ̀ máa ń pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ wọn. Ìyá á jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Àlàmú, ẹ̀gbọ́n Ìyá, kó àwọn ará ilé wọn wá láti Ìkòyí-Ilé. Mo wà níbẹ̀. Bàbá Àlàmú ní, "Àkànjí, a ò bá ọ jà. O ti gbìyànjú. Jẹ́ ká gbé àbúrò wa lọ sílé, kí ìwọ náà fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ."

Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá tọrọ ìyàwó lọ́dọ̀ yín, ṣé apá ni mo ní kí ẹ fún mi ni, àbí Hajarat? Hajarat rèé níbi tó jókòó. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ gbà á padà?"

Bàbá Àlàmú kàn ní kí n bu omi wá fún àwọn.

Ẹ mọ Ìyá wa, wọn kì í jókòó pẹ̀lú irun wúrúwúrú. Apá kan kò lè dirun, ojú sì ń tì wọ́n láti máa bẹ àwọn obìnrin ilé kiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Bàbá mú abẹ, kí wọ́n fá a kodoro. Bàbá kò mú abẹ. Wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Ràmọ́tà onídìrí, wọ́n jókòó ti àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí ó kọ́ àwọn náà. Ìròyìn ti dé mọ́sálásí kí wọ́n tó padà sílé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Àkànjí Onídìrí. Bàbá ní, "Awọ màlúù ni mo ń rán láti kékeré. Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá irun le jù ú lọ."

Irun le jù ú lọ. Kòlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dì wọ́ bí ọ̀nà oko. Ìyá gba dígí, wọ́n wò ó, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. A kò gbọ́ ẹ̀rín Ìyá láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n rín in títí Bàbá fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ooyà lọ́wọ́, tí àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọ̀sán Àlàmísì di ti irun. Nígbà tó yá, ṣùkú wọn tẹ́ Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ̀yin náà kò kúrò lọ́kàn wọn. Bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, wọn á gé ti Saifu sọ́tọ̀, wọn á gbé e fún àlejò tí kò nílé nítòsí. Wọ́n ní, "Ibi tí ọmọ mi wà, ẹnìkan yóò gbé tirẹ̀ fún un." Ṣé ẹnìkan gbé e fún yín, Bọ̀ọ̀dá?

Ọjọ́ Àlàmísì náà ni Bàbá lọ. Wọ́n ti dirun Ìyá dé ìdajì, wọ́n ní ó rẹ àwọn, pé kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìyá ń dúró. Nígbà tí Ìyá pè wọ́n fún ìrun Àsárì, wọn kò dáhùn. A sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹ má rò pé a kò fẹ́ dúró dè yín.

Àwọn obìnrin ilé fẹ́ tú irun Ìyá nítorí opó. Ìyá fi ọwọ́ òsì bo orí, wọ́n ní, "Ọwọ́ Bàbá Saifu ló wà lórí mi yẹn." Ariwo fẹ́ sọ. Bàbá Àlàmú ló dìde, omi lójú wọn, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo fún Àkànjí níyàwó, n kò sì mọ irú ẹni tí mo fún." Báyìí ni Ìyá ṣe opó náà já. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, wọ́n pè mí kí n tú u. Mo tú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà láti tẹ̀ lé mi wá síbí, wọ́n ní ilé Ọ̀yọ́ ti dákẹ́ jù.

Èmi ló ń lọ gbá ilé náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Owódé ní Ọ̀yọ́, mo rí bàbá kan níwájú mi. Ìrìn Bàbá ni, bí Bàbá ṣe ń gẹ fìlà ni. N kò mọ ìgbà tí mo kígbe pé, "Bàbá mi!" Wọ́n yíjú padà, ojú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lò ń wá?" Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé wọ́n jọ bàbá mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bá mi kí wọn o."

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́, sà."

Ẹnu mi kọ̀, kò lè sọ pé wọ́n ti kú. Mo yára lọ sílé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, "Ẹ kúulé o." Mo dúró. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹ bá mi gbá Bushrah mọ́ra, ẹ kí ìyàwó wa. Ìyá ní àwọn ń ṣàdúrà fún yín ní gbogbo ìrun. Bí ọ̀nà bá là, ẹ wá sílé. N kò fẹ́ máa dá lọ ṣílẹ̀kùn náà mọ́.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tí àárò yín ń sọ,
                                                            Mùjídàt.