Ìwádìí Àna Tí Mo Ṣe Nínú Ìwé

Ẹ kú ilé o, Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi bí ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Peckham nílùú òyìnbó níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò gbà mọ́. Mo mọ̀ pé Bọ́sẹ̀ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún yín. Mo bẹ olóòtú kó má tẹ orúkọ mi, mo sì pa orúkọ àwọn yòókù dà, nítorí ẹnu àwọn ará ibí kò ní ìdérí.

Ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ ọmọ mi ni. Aísáyà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ fẹ́ ẹ. Ará Amẹ́ríkà ni, láti káúńtì Beaufort létí òkun, ní South Carolina. Ẹ mọ̀ pé a kì í fa ọmọ fún ọkọ láìwádìí ilé tó ń lọ. Ta ni kí n bi? Bí mo bá bi ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road, kí ìsìn tó parí wọn á ti ní ọmọ mi lóyún. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò ní ẹni tí mo lè fi inú hàn. Ni mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì nínú òjò lọ sí ilé ìkàwé ní Catford, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, mo ń ka ìtàn káúńtì náà.

Bí mo ṣe ń kà á tó ni ó ń rú mi lójú tó. Káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n erékùṣù ló pọ̀ níbẹ̀. Bí òkun bá kún, ẹrẹ̀ a di omi. Bó bá fà, omi a tún di ẹrẹ̀. N kò mọ ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gbin ìrẹsì àti òwú níbẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sọ wọ́n di olómìnira, àwọn kan nínú wọn ra lára ilẹ̀ náà. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nígbà náà. Lónìí aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tó wá fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Ìwé ka gbogbo wọn lórí, ṣùgbọ́n kò sọ ilé tí wèrè wà tàbí ilé tí olè wà.

Fọlákẹ́ rí ìwé náà nínú àpò mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, Dádì, ṣé káúńtì lẹ fẹ́ fi ṣe àna ni? Ó wá sọ pé ìyá àgbà Aísáyà náà ń wádìí wa. Ní erékùṣù wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi àlejò ni pé ta ni àwọn ènìyàn rẹ.

Ẹ̀wọ̀n tí bàbá wa ṣe, tí ẹ kọ́ mi kí n máa sọ pé Kánò ni bàbá lọ, Fọlákẹ́ kò mọ̀. Ìyá àgbà náà fẹ́ pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, Fọlákẹ́ ni yóò sì túmọ̀. Nítorí náà mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Fọlákẹ́ fúnra mi. Ó bi mí pé, bí mo bá ka irú rẹ̀ nípa ilé Aísáyà, ṣé èmi yóò gbà kí òun fẹ́ ẹ? Ni mo bá jókòó kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá náà bá pè, ẹ má dárúkọ Kánò. Ẹ sọ ilé wa fún un bó ṣe rí.

Olúwa yóò dá yín sí, ẹ ó fojú rí ọkọ Fọlákẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀.