Mìlímítà Kan Lóòjọ́

                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Alákọ̀wé, ọ̀rẹ́ mi tó di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ rójú sùn báyìí? Ìyá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fún wọn nísinmi? Tiwa níbí kò burú, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ tán pátápátá kí n tó kọ ohun mìíràn, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi, n kò ní rántí ìkíni mọ́.

Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni tó mutí yó. Ọjọ́ kẹta nìyí tí mo ti wà lórí ẹ̀.

Lẹ́tà rẹ ti dé láti bí oṣù mẹ́ta. O ní kí n fi iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀, kí n wá jókòó sídìí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí n máa bá ọ kọ orúkọ àwọn tó ń ra sìmẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Má bínú pé èsì pẹ́, n kò fẹ́ fi ìrònú ọjọ́ kan dá ọ lóhùn ni. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí o gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn kò pé.

Gíláàsì iwájú ilé ìtajà kan ni èmi àti ọ̀gá ń gbé lọ́jọ́ náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ga jù mí lọ. Bí a ṣe ní ká gbé e wọ férémù, ó dún kẹ̀ẹ̀, ó là sí méjì, apá òkè sì já wálẹ̀, ó gba ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kọjá. Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Ọ̀gá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi so ó pinpin, ó tì mí sínú ọkọ̀. Gbogbo bó ṣe ń wa ọkọ̀ ló ń pariwo mọ́ mi pé, "Má wò ó! Ojú ọ̀nà ni kó o máa wò!"

Ní ọsibítù, dókítà fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ rán ohun tó já. Nígbà tí mo jí, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín mi dà bí igi mẹ́ta tí ẹnì kan so mọ́ mi lọ́wọ́. Wọn kò mọ gbígbóná, wọn kò mọ tútù.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ọwọ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìyá Ọwọ́ ni gbogbo àwa tí à ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é. Kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le bíi ti olùkọ́ ìṣirò. Òun ló là mí lóye pé ọwọ́ kì í dá ṣe nǹkan, ọpọlọ ló ń rán an níṣẹ́. Iṣẹ́ náà máa ń gba inú ògóóró ẹ̀yìn, á yà ní ọrùn, á gba abẹ́ apá sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìka. Ohun tó ń gbé e ni wọ́n ń pè ní iṣan ìmọ̀lára. Iṣan yìí náà ló ń gbé ìròyìn padà lọ sókè: ó gbóná, ó mú, ó tutù. Fọ́nrán tó wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo pọ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bó bá gé, apá ìsàlẹ̀ á kú, ilé rẹ̀ tó ṣófo nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Apá òkè kò ní kú, nítorí ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù, á máa wá ilé tó ṣófo yẹn wọ̀.

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe ń yára hù tó?"

Ó ní, "Mìlímítà kan lóòjọ́. Ìyẹn bí ara bá gbà á."

Ẹ̀rín pa mí. Ìwọ náà mọ̀ pé mìlímítà ni wọ́n fi ń bú wa nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́. Gíláàsì fèrèsé lásán nípọn ní mìlímítà mẹ́rin. Ohun tí ojú ń là kọjá lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni iṣan mi máa fi rìn ín! Mo fa téèpù mi yọ, a wọ̀n ọ́n láti ojú àpá dé ṣónṣó ìka àárín. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógún. Bí a bá fi oṣù kan tó fi máa sinmi kún un, ó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Oyún lo gbé wálé. Bó bá di ọjọ́ ìrọbí, má pè mí o."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la fi ṣàwàdà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tó ń jó, mo ń wá iyọ̀ lókè. Òórùn kan ń jáde, mo ń bi ara mi pé kí ló ń jóná. Ìka mi ni. Ìyàwó mi ló fa ọwọ́ mi kúrò pẹ̀lú ariwo. Mo wo ìka tó ti bó, kò sì dùn mí rárá, omijé ló ń bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìrora kì í ṣe ọ̀tá èèyàn. Ọlọ́dẹ ni.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, nǹkan dúró. Ìyá Ọwọ́ máa ń fi ìka gbá àtẹ́lẹwọ́ mi jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tó bá ti ta mí ṣìnìnì ni fọ́nrán dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ojú kan náà ló ń ta mí. Ẹran ìdí àtàǹpàkò mi ti rọ pẹlẹbẹ. Ọ̀gá wá kí mi, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ti gba ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Alákọ̀wé, n kò ní purọ́ fún ọ, mo ti gbé báàgì mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo lọ dágbére fún Ìyá Ọwọ́. Kò bẹ̀ mí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó dúró? Ibi tí ẹran ti nípọn ló wà, ìwọ ni o kò gbúròó rẹ̀. Iṣan ń ṣe tirẹ̀, ìwọ náà ṣe tìrẹ. Bó o bá jẹ́ kí oríkèé ọwọ́ yìí gan, lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, ilẹ̀kùn á ti tì."

Mo padà sílé, mo gbé báàgì padà sókè.

Láti ọjọ́ náà, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn, n kò fo ọjọ́ kan. Láàárọ̀, mo máa ń ká ìka kọ̀ọ̀kan nígbà ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ìyàwó mi á da ìrẹsì tútù sínú abọ́, á ri bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ àti kúkúrú pẹ́ńsù mọ́ inú ẹ̀, èmi á dijú, màá máa wá wọn. Bí mo bá ní, "Kọ́kọ́rọ́ nìyí," á ní, "Kọ́kọ́rọ́ ilé ta? Ìrẹsì lo dì mú!"

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ rí. O mọ bí ìka ṣe máa ń hunjọ bó bá pẹ́ nínú omi? Èmi rò pé omi ló ń ṣe é. Iṣan ni. Òun ló ń pàṣẹ fún àwọn òpójẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ pé kí wọ́n sún kì, awọ á sì wọlé tẹ̀lé wọn. Nítorí náà, lọ́jọọjọ́ Àìkú, ìyàwó mi máa ń ní kí n ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wò ó bóyá ẹ̀wà ti jinná. Ìka méje á hunjọ, mẹ́ta á máa dán. Ó di Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ, ó gbé ọwọ́ mi sókè. Àtàǹpàkò ti hunjọ! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kan ìfábẹ̀lá. Ó gbé abọ́ omi jó títí ilẹ̀ fi tutù, èmi ni mo nù ún.

Àwọn fọ́nrán kan ṣìnà o. Bí o bá fọwọ́ kan ìfábẹ̀lá mi, ìka àárín ni mo ti ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Ìyá Ọwọ́ ní wọ́n ti wọ ilé onílé, kò sẹ́ni tó lè lé wọn jáde, ọpọlọ ni yóò kọ́ àdírẹ́sì tuntun. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ó sì sọ òtítọ́ fún mi pé ọwọ́ náà kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ tán. Mo ní, "Mà, n kò bèèrè ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó lè gé gíláàsì ni mo ń wá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo kí ọ̀gá, mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi ní àkúfọ́ kan àti kọ́tà tí a fi ń gé gíláàsì. Ọ̀gá wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó gbé ègé gíláàsì kan sórí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́, kọ́tà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń yọ̀. Mo wò ó, òógùn ni! Ìka tí iṣan rẹ̀ kú kì í làágùn, Alákọ̀wé. Mo bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá rò pé orí mi ti yí. Mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì wọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo di èémí mú, mo fà á, ó ń dún bí aṣọ tuntun tí wọ́n ń fà ya. Mo fi ìdí kọ́tà gbá a lábẹ́, ó sì là gbọọrọ.

Ọ̀gá fi téèpù lé e. Ó ní, "Ààbọ̀ mìlímítà lo fi ṣì í." Ó ká téèpù sápò. "Ọjọ́ Ajé, aago méje. Gíláàsì fọ́tò lo máa kọ́kọ́ máa gé. Mi ò fẹ́ rí ọ nídìí gíláàsì ńlá."

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun, mo dúpẹ́ tinútinú, ṣùgbọ́n wá ẹlòmíràn fi sídìí tábìlì yẹn. Lọ́la ni Ajé. Ṣónṣó ìka àárín kò tíì mọ nǹkan kan, ó ku sẹ̀ǹtímítà méjì gééré. Ogún ọjọ́ nìyẹn. Ṣé ogún ọjọ́ ló máa wá lé mi?

Bá mi kí ìyá yín àti ìyàwó, kí o sì bá mi gbé ìkejì àwọn ìbejì pọ̀n, torí mo mọ̀ pé ìwọ lò ń gbé ìkíní. Ìyàwó mi kí gbogbo yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Onígíláàsì.