Wọ́n Dín Ìtànṣán Kù fún Àyà Mi

Ìyá wọn,

Ara mi le. Lánàá, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán àyà gbé mi mì, ó sì pọ̀ mí jáde. Ó jọ pé ẹran mi ti yi jù.

Ọmọbìnrin tó ń yà á ní, "Bàbá, mo dín ìtànṣán rẹ̀ kù, àwòrán náà ṣì mọ́ kedere."

Mo ní, "Ahun ni ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ ó máa wá, kò gbọdọ̀ pọ̀ lára yín. Ìyàwó yín tó bá dókítà sọ̀rọ̀ ò sọ fún yín ni?"

Ìwọ tó o ní ikọ́ lásán ni, pé eyín tuntun ọmọ ọmọ wa ni mo ń bọ̀ wá wò nílẹ̀ òtútù yìí. Abájọ tó o fi di ẹ̀wù òtútù mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìkíni tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e wálé.